Ìpolówó tí mi ò lè gbàgbé, ìkànnì tí mi ò lè rántí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà, àlàyé á tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo àwọn tó ń bá wa wá ìnṣọ́ránsì mọ́tò olówó pọ́ọ́kú nílùú Gẹ̀ẹ́sì níbí, Compare the Market ló ni ìpolówó tó dùn jù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀rọ̀ ìkànnì, GOV.UK ti ìjọba, níbi tí mo ti ń san owó orí mọ́tò, ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń kọrin nípa rẹ̀, kò sì ní àwòrán kan tí ojú lè máa wò.

Mo ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrù kiri ní gúúsù London, nítorí náà ọdọọdún ni mo ń padà sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ nílé nìyí: pátákó kíkọ, ní Mókọ́lá, n'Íbàdàn. Ọ̀gá mi kì í bèèrè bóyá pátákó rẹwà. Bí mo bá parí, á sọdá sí òdìkejì títì, á dijú, á là á fìrí, á sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé. Bó bá jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, ó yá, ká gbé e lọ fún oníbàárà. Bó bá jẹ́ òdòdó tí mo yà sí igun, á ní kí n fi ọ̀dà pa á rẹ́. Ẹni tó jókòó nínú táksí tó ń sáré lọ sí Sángo ò ní sọ̀ kalẹ̀ nítorí òdòdó. Ojú yẹn ni mo fi ń wo ìpolówó àti ìkànnì títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí meerkat. Ẹranko kékeré kan ni, aṣálẹ̀ ìhà gúúsù Áfíríkà ni ilé rẹ̀, ó máa ń nàró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ méjì láti ṣọ́ ọ̀tá. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, Compare the Market gbé ọ̀kan jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n wọ ẹ̀wù ọlọ́lá fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Aleksandr Orlov, wọ́n sì fi ohùn ará Rọ́ṣíà sí i lẹ́nu. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló ní. Ó ní òun ní ìkànnì tí èèyàn ti lè fi meerkat kan wé òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá ìnṣọ́ránsì ń ṣìnà wọ ọ̀dọ̀ òun. Market yàtọ̀, meerkat yàtọ̀, kí wọ́n jọ̀ọ́ fi òun sílẹ̀. Á wá fi "Simples" kan ṣoṣo, bí ẹni ń sọ pé kò le rárá, parí ọ̀rọ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀. Kò sí adùn kankan nínú ìnṣọ́ránsì mọ́tò; òfin ló ní ká rà á, a ń rà á, a sì ń gbàdúrà pé ká má nílò rẹ̀. Orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ náà sì jọra wọn débi pé èèyàn lè máa pe èyí kó máa rò pé tọ̀hún lòun ń pè: compare níbí, market lọ́hùn-ún, money àti supermarket láàárín. VCCP tó ṣe ìpolówó náà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé ọjà oníbàárà wọn ló dáa jù. Wọ́n mú àléébù orúkọ yẹn gan-an, wọ́n fi dá àpárá. O ò lè rẹ́rìn-ín sí àpárá náà láìjẹ́ pé o ti pe orúkọ ilé iṣẹ́ náà nínú ara rẹ. Wọ́n tiẹ̀ kọ́ ìkànnì meerkat ọ̀hún ní tòótọ́: ẹni tó bá wọ ibẹ̀ nígbà náà á bá meerkat oríṣiríṣi, á lè fi wọ́n wé ara wọn bí kò bá níṣẹ́ míì í ṣe. Owó sì wà nídìí rẹ̀. Lórí Google, ilé iṣẹ́ á sanwó kí orúkọ rẹ̀ lè yọ sókè nígbà tí èèyàn bá ń wá ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo wọn ló ń du "market", ó di ọ̀wọ́n. Ta ló ń du "meerkat"?

Nígbà tó di 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó bá ra ìnṣọ́ránsì nípasẹ̀ wọn ní ọmọláńgidi meerkat. Mo mọ àgbàlagbà kan, alàgbà nínú ìjọ, tó fi ìbínú bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nítorí pé tirẹ̀ ò tètè dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbé ti sinimá dé, tíkẹ́ẹ̀tì méjì lówó ẹyọ kan. Lójú mi, ọmọláńgidi yẹn lágbára ju sinimá lọ, torí pé ó jókòó sílé, ó ń polówó lórí àga fún ẹni tó ti sanwó tán.

GoCompare, tí òun náà ń bá wa wá ìnṣọ́ránsì, gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2009 yẹn kan náà. Wọ́n mú Wynne Evans, akọrin opera ará Wales, wọ́n fi irunmú tó lọ́ kọ́rọ́kọ́rọ́ sí i lójú, wọ́n sì ní kó máa gbé orúkọ ilé iṣẹ́ náà sókè pẹ̀lú gbogbo èémí tó wà lára rẹ̀ níbikíbi tó bá ti rí àwọn èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìlú bínú. Wọ́n pè é ní ìpolówó tó ń bíni nínú jù lọ. Ilé iṣẹ́ náà ò tọrọ àforíjì. Wọ́n fi ìbínú yẹn ṣe ìpolówó míì, níbi tí àwọn gbajúmọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti pa ọkùnrin náà lẹ́nu mọ́. Sue Barker, tó jẹ́ olóòtú ètò Wimbledon lórí BBC nígbà náà, gbé ìbọn ńlá kọ́ èjìká, ó yìn ín sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Èmi tí mo máa ń yí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n padà tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ o.

Ohun tí àwọn méjèèjì fi jọra ni pé wọn ò ṣàlàyé. Ìyá oní-mọ́ínmọ́ín tó máa ń kọjá lójú ilé wa láàárọ̀ kì í ka iye ẹ̀wà tó lọ̀, kì í dárúkọ edé, kì í sọ pé òun ti ń ṣe é láti ọdún báyìí-báyìí. "Mọ́ínmọ́ín gbóná fẹlifẹli" ni gbogbo ẹjọ́ tó rò, a sì ti ń wá abọ́. Ìpolówó tó ń ka oore mẹ́jọ tí ọjà rẹ̀ ń ṣe fún mi, tí obìnrin kan sì ń fi ọwọ́ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í pẹ́ kó tó bọ́ sọnù lórí mi. Ẹyọ kan ni orí èèyàn máa ń gbé lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ká rántí ìpolówó, ká sì ṣe ohun tó wí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́njú ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1980 á mọ Andrew. Enebeli Elebuwa, olóògbé tó fi ayé sílẹ̀ ní 2012, ló ṣe é: géńdé ọkùnrin tó palẹ̀ ẹrù mọ́, tó ní òun ń lọ sókè òkun, pé kò síná, kò sómi, kò sí ọ̀nà tó ṣeé rìn. Ìjọba ló ṣe ìpolówó náà, torí kí àwọn èèyàn lè jókòó sílùú kí wọ́n tún un ṣe. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe rèé: wọ́n fi gbogbo ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ sí ẹnu ẹni tó ń lọ. Ẹ̀dùn ọkàn Andrew la mọ̀ lórí, torí òótọ́ ni, a sì ń fi ojú ara wa rí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ láàárín ìpolówó yẹn gan-an. Èsì tí wọ́n fún un, ta ló rántí? Nígbà tó yá, Andrew di orúkọ tí wọ́n ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìwé ìrìnnà. Èmi tí mo ń kọ èyí, Andrew ni mí.

Ti MTN náà wà ńbẹ̀, "Mama na boy". Ọkùnrin kan pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti sọ fún un pé ìyàwó òun ti bímọ, ọkùnrin sì ni. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ lábúlé. Wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: ìgbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti tẹrútọmọ, ìròyìn tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ kó tó dé ilé wá ń dé lójú ẹsẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọni lára. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin bèèrè, wọ́n sì jàre, pé bó bá jẹ́ obìnrin ló bí ńkọ́, ṣé ìyá ò ní jó ni? Gbólóhùn yẹn ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn dòní, ìbéèrè náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n.

GOV.UK dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ó gba ipò Directgov àti Business Link. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Design Museum ní London fún un ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà tó ta yọ jù lọ́dún náà. Ẹ wọ ibẹ̀ lọ, ẹ ó bi ara yín pé kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi fún un lẹ́bùn. Ilẹ̀ funfun, lẹ́tà dúdú, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan tó ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìdílé aláyọ̀ tó ń fi eyín funfun hàn yín. Kò sí ohun tó ń yí, kò sí ohun tó ń ṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n ẹ lò ó. Bí mo bá fẹ́ san owó orí mọ́tò, lẹ́tà ìránnilétí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé ní nọ́ńbà kan tó gùn tó 16. Bí lẹ́tà yẹn bá sọnù, ìwé mọ́tò fúnra rẹ̀ ní tirẹ̀, 11. Mo tẹ̀ ẹ́, ó dárúkọ ọkọ̀ mi, ó ní ṣé òun ni. Òun ni. Mo sanwó, ó tán. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2014, kò tiẹ̀ sí bébà róbótó tí a máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́, èyí tí wọ́n ti ń lẹ̀ láti 1921. Bí mo bá sì fẹ́ ra tòkúnbọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń búra pé ọkọ̀ òun ò ní àbàwọ́n, nọ́ńbà ara mọ́tò nìkan ni màá tẹ̀ síbẹ̀, gbogbo àyẹ̀wò MOT (àyẹ̀wò bóyá ọkọ̀ yẹ lójú títì) tó ti ṣe á tò sílẹ̀: ọdún tó yege, ọdún tó kùnà, ohun tó mú un kùnà, iye máìlì tó ti rìn. Ọ̀fẹ́ ni. Wọn ò ní kí n fi orúkọ sílẹ̀, mi ò dá pásíwọọ̀dù kankan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò fara sin. Ohun kan ni wọ́n ń bèèrè lójú ewé kan. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ọjọ́ ìbí rẹ, àpótí mẹ́ta ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ, ọjọ́, oṣù, ọdún, kí o tẹ nọ́ńbà sí i. Bí o bá ṣe àṣìṣe, wọ́n á kọ ọ́ sókè ní pupa, ní ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn, wọ́n á sì gbé ọ padà sí ojú ibi tí àṣìṣe náà wà. Ohun tí o ti kọ tẹ́lẹ̀ á dúró síbi tó wà.

Ohun tó wá mú inú mi dùn jù, èmi oní-pátákó, ni lẹ́tà wọn. Ojú títì ló ti wá. Jock Kinneir àti Margaret Calvert ló ya lẹ́tà tó wà lára pátákó ọ̀nà nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ìlú Preston kọjá, tí wọ́n ṣí ní 1958, ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tó di 1965, ó di ti gbogbo títì. Òun náà ni wọ́n tún yà fún GOV.UK. Ìjà kan wà nídìí rẹ̀ o. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ David Kindersley, tó ń gbẹ́ lẹ́tà sára òkúta, ní kí wọ́n lo tòun, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá. Wọ́n kó àwọn èèyàn jọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kan ní Benson, wọ́n fi ọkọ̀ gbé pátákó bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, láti mọ èyí tí wọ́n máa tètè kà. Ti Kindersley ló ṣáájú díẹ̀! Síbẹ̀, ti Kinneir àti Calvert ni wọ́n mú, torí ìrísí rẹ̀. Ọ̀gá mi ò bá ti bá wọn jà níbẹ̀. Èmi rò pé wọ́n jàre, nítorí pé lẹ́tà ńlá àti kékeré tó pọ̀ mọ́ra ń fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀; èèyàn á ti dá a mọ̀ kó tó kà á. Mo ti rí i lára iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Àmọ́ GOV.UK náà ò pé. Ìwé àṣẹ ìgbélùú tó jẹ́ káàdì lọ́wọ́ wa ti di eVisa báyìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi han onílé tàbí ọ̀gá iṣẹ́ á gba kóòdù kan tó ń lo 90 ọjọ́. Ó rọrùn fún ọmọ mi tó gbé fóònù sùn. Ìyá àgbà tó ti lo ogójì ọdún níbí, tí kò ní e-mail, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ò lè rọ́pò káàdì tó wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ìkànnì kan tún wà tí mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Nàìjíríà ló wà, ìwé kan ni mo fẹ́ gbà níbẹ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́: fọ́tò ọ̀gá àgbà níbi tó ti ń gé ríbọ́ọ̀nù. Kí n tó wo ìyẹn tán, fọ́tò míì ti yí wọlé, ọ̀gá àgbà ń bọ àlejò lọ́wọ́. Fọ́tò mẹ́rin, ọ̀gá kan náà. Ibi tí mo ti máa tẹ fọ́ọ̀mù wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà rí. Mo kọ orúkọ mi bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lábẹ́ lẹ́tà; ó ní mo kọ ohun tí kò bófin mu. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, mo lè fara da ìyẹn. Ìkànnì tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń jẹ́ Ọláńrewájú àti Ṣẹ́gun, kí ló dé tí kò mọ ọ àti ṣ? Ọjọ́ ìbí: kàlẹ́ńdà ló gbé jáde, oṣù tí a wà ló sì ṣí sí, mo wá ń tẹ ọfà padà sẹ́yìn, oṣù kan lẹ́yìn òmíràn, títí dé ìgbà tí wọ́n bí mi. Ó ní fọ́tò mi ti tóbi jù. Mo dín in kù, ó ní ó ti kéré jù. Nígbà tí mo máa fi rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní àkókò ti tán, kí n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Gbogbo ohun tí mo ti kọ ti lọ.

Àbúrò ìyàwó mi ní kafé kan lágbègbè Bódìjà. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rojọ́ fún un, ó gba iṣẹ́ náà, ó gba owó, ó ṣe é tán. Ó ti mọ ibi tí gbogbo ìdẹkùn wà: fọ́tò tí wọ́n ń fẹ́, aṣàwárí (browser) tí kò ní dá a dúró, wákàtí òru tí ìkànnì náà ń yá. Ọ̀nà oúnjẹ ni ìkànnì burúkú jẹ́ fún àwọn ọmọ kafé. Bí wọ́n bá tún un ṣe lọ́la, ṣọ́ọ̀bù pọ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ilé ìwé gíga tí yóò ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe tiwa nìkan o. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, Amẹ́ríkà ṣí HealthCare.gov, obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú ewé àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ènìyàn mẹ́fà ló rí ìnṣọ́ránsì ìlera gbà níbẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n yọ fọ́tò obìnrin náà kúrò láìpẹ́ rárá.

Ó ku ìkànnì àwọn afiwéra fúnra wọn. Gbogbo wọn ló sunwọ̀n dé ìwọ̀n kan. O tẹ nọ́ńbà mọ́tò, wọ́n á mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. O tẹ kóòdù àdúgbò, wọ́n á to àwọn ilé sílẹ̀ kí o yan tìrẹ. Ìdáhùn rẹ ti èṣí á ṣì wà níbẹ̀, o kàn máa tún èyí tó yí padà ṣe ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀fẹ́ lásán: ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tí o bá rà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń san owó alárinà fún wọn. Gbogbo ọjà kọ́ ló sì wà níbẹ̀. Direct Line, àwọn onífóònù pupa tó ní táyà, fi ọ̀pọ̀ ọdún polówó pé a ò ní rí àwọn lórí ìkànnì ìfiwéra kankan, kí àwọn náà tó wá yí ohùn padà. Fún ìdí yẹn, mi ò kì í dúró sí ọ̀dọ̀ ẹyọ kan. Láti oṣù kìíní ọdún 2022, òfin ti kà á léèwọ̀ pé kí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mọ́tò bu iye fún oníbàárà àtijọ́ ju èyí tó máa bù fún ẹni tuntun lọ. Ìyẹn ò ní kí èèyàn má wo ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Iye tí ilé iṣẹ́ kan ń bù yàtọ̀ gidigidi sí ti èkejì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ti èṣí tó parí. Owó máa ń gun òkè bó bá ti ku ọ̀la. Bí àbájáde bá sì ti jáde, tí èyí tówó rẹ̀ kéré jù ń tàn lókè, ẹ kọ́kọ́ wo ìlà tí wọ́n pè ní excess, owó tí ẹ̀yin fúnra yín máa san bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n máa ń fi kọ ìyẹn.